Irọ́ Tí Mo Pa Lórí Bíà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi fara balẹ̀ díẹ̀ lónìí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ti ní kí n gbé e mì. Kò ṣe é gbé mì. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, títí kan ibi tí kò ti bu iyì kún mi.

Bọ́láńlé lorúkọ mi. Tíṣà ni mí ní Ayétòrò, ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Òkè-Ọ̀dàn ni wọ́n bí wa sí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá. Ọdún méjì ló fi jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ yìí o, kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti Màmá. Kì í ṣe àrífín!

Màmá wa máa ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tà nígbà tí a wà ní kékeré, ìyẹn ọtí àgbàdo. Èmi ni wọ́n máa ń pè kí n tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Bí mo bá ní ó ti kan jù, wọn ò ní tà á. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà yẹn! Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: mi ò gbọdọ̀ parọ́ lórí ọtí láéláé, nítorí ẹni tó máa mu ún ò ní parọ́.

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ní tirẹ̀ lo ọdún mọ́kànlá ní Àjàṣẹ́, lódìkejì bọ́dà, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń pọn bíà fúnra rẹ̀ tó sì ń tà á nínú ilé kan náà. Patron ló máa ń pè é, ìyẹn "ọ̀gá" lédè Faransé. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán, ó kó ìkòkò irin àti àgbá rẹ̀ wá sí Ìlaròó, ó rẹ́ǹtì ilé kan, ó ṣí ilé bíà tirẹ̀. Ẹ̀yìn ló ti ń sè é, iwájú làwọn èèyàn ti ń mu ún. Màmá kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ torí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Láràárọ̀ ló ń gbé wọn jáde sí faránńdà kí oòrùn lè ta sí wọn lára, kó tó lọ dáná sábẹ́ ìkòkò.

Oríṣi bíà kan ṣoṣo ló ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní pale ale. Àwọ̀ oyin ló ní. Ha, bíà yẹn! Èmi kì í ṣe ọ̀mùtí o, ẹ bi ọkọ mi léèrè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e sún mọ́ imú, òórùn èèpo ọsàn ló máa kọ́kọ́ pàdé yín. Tí ẹ bá tọ́ ọ wò, á dùn díẹ̀, á wá korò, ìkorò náà á sì tètè lọ, ọwọ́ yín á tún ti wà lára ife kí ẹ tó mọ̀. Ohun méjì ló gbé e ró: ọkà báálì, èyí tí àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ nínú Bíbélì, àti òdòdó gbígbẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ họ́ọ̀psì. Họ́ọ̀psì yìí ló ń fún bíà ní òórùn àti ìkorò. Kò sí ẹni tó ń gbìn ín lọ́dọ̀ wa. Àjàṣẹ́ ni méjèèjì ti ń wá.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń wọkọ̀ láti Ayétòrò lọ bá a tọ́ tọ̀sẹ̀ náà wò. Màá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ti pẹ́ jù lórí iná." Á ní òun gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ó rí i pé ó ti tún un ṣe. Kì í bínú, kì í bá mi jiyàn. Mo fẹ́ràn ọjọ́ Sátidé nígbà yẹn ju ọjọ́ owó oṣù lọ!

Bẹ́ẹ̀ la wà tí wọ́n fi ti bọ́dà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé agbègbè wa, kí ni mo tún fẹ́ sọ fún yín? Gbogbo wa la mọ bó ṣe rí, kọ́sítọ́ọ̀mù lójú ọ̀nà yìí, sójà lójú ọ̀nà tọ̀hún. Gbogbo ayé ń pariwo ìrẹsì. Ta ló máa ráyè ti àpò òdòdó gbígbẹ? Ẹni tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹrù wá ní òun ò lè dán an wò mọ́. Kò pẹ́, báálì tán, họ́ọ̀psì náà tán, ilé bíà sì dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ní òun ò ní káwọ́ gbera. Ó lọ ra ọkà bàbà, ó rẹ ẹ́ títí ó fi hù, ó sá a, ó sì lọ̀ ọ́, bí Màmá ṣe máa ń ṣe àgbàdo láyé ọjọ́un. Màmá fúnra wọn ló jókòó tì í tí wọ́n ń pàṣẹ fún un bí ọ̀gá! Ọkà bàbà yọrí. Kí ló máa wá fi rọ́pò họ́ọ̀psì? Ó dán ewúro wò, bíà náà di ọbẹ̀. Ló bá bọ́ sórí orógbó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ló pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti sè é lọ́nà mẹ́ta nínú korobá kéékèèké, orógbó inú wọn ò sì pọ̀ bákan náà. Ó ní kí n wá yan èyí tó dáa, òun á sè é sínú àgbá ńlá, òun á sì tún ilẹ̀kùn ṣí. Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. Ó ní patron ń pe òun pé kí òun padà wá bá a ṣiṣẹ́. Ó ní tí kò bá sí èyí tó dáa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun á ti ilé náà pa, òun á máa lọ sí Àjàṣẹ́.

Mi ò lè sùn dáadáa mọ́jú. Tó bá lọ ńkọ́? Ta ló máa máa gbé Màmá sí oòrùn?

Bí mo ṣe débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Màmá ló kọ́kọ́ pè mí wọ yàrá. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ọ̀gá Àjàṣẹ́ yẹn tún ti pè. Wọ́n ní tí Kọ́lá bá fi lè kọjá bọ́dà yìí báyìí, ojú àwọn ò ní rí i mọ́.

"Bọ́láńlé, ohunkóhun tó bá bù fún ẹ, sọ fún un pé ó dùn."

Ẹnu yà mí. Mo ní, "Màmá! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní mi ò gbọdọ̀ parọ́ lórí ọtí?"

Wọ́n ní, "Nígbà yẹn, ọtí lásán ni."

Mo rọra yọ ọwọ́ mi kúrò nínú tiwọn.

Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ti to ife mẹ́ta sórí tábìlì. Ó kọ́kọ́ tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lójú mi, bó ṣe yẹ kí ẹni tó gbé ọtí kalẹ̀ ṣe. Ó wá ní òun ò lè dá a mọ̀ fúnra òun mọ́, pé orógbó tí òun ti ń tọ́ láti ọjọ́ yìí ti jẹ́ kí gbogbo nǹkan máa rí bákan náà lẹ́nu òun, títí kan tíì àárọ̀. Ó ní, "Ẹnu rẹ nìkan ló kù mí kù."

Mo mu àkọ́kọ́. Omi ọkà lásán, kò ní láárí.

Mo fo ìkejì, mo mu ìkẹta. Yéè! Àgbo ibà ni. Ikọ́ mú mi, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín báyẹn kẹ́yìn.

Mo wá gbé ìkejì. Ìfófòó rẹ̀ dúró dáadáa lórí ife. Òórùn rẹ̀ ò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi tútù ń rùn díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dùn bó ṣe kan ahọ́n mi. Ọkàn mi fò sókè! Ìgbà tí mo gbé e mì tán ni ìkorò orógbó tó dé. Ó dé, kò lọ. Ó jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun mi, ó sì gbẹ mí lẹ́nu bí ìgbà téèyàn jẹ kajú tí kò pọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Mo mọ ohun tó ṣe é. Ó ti jẹ́ kí orógbó pẹ́ jù lórí iná. Ká ní ó dín in kù díẹ̀, tó sì dà á sí i nígbà tí iná bá fẹ́ẹ́ kú, ìkorò yẹn ìbá tètè lọ. Bíà náà kò tíì dáa, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ lọ́nà. Kò ju kó tún un sè lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Iṣẹ́ tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́ nìyẹn!

Ó ń wò mí lẹ́nu. Ó ní, "Báwo ni?"

Mo gbójú sókè, mo rí Màmá tí wọ́n ti wọ́ ẹsẹ̀ wọn dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ògiri ni wọ́n fọwọ́ tì, èmi ni wọ́n ń wò. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ nínú orí mi ni pé tí mo bá ní "kò tíì dáa", ẹ̀gbọ́n mi máa lọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìkejì yìí dùn. Kò sí ohun tó kù. Ẹ lọ máa sè é sínú àgbá ńlá."

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá bú sẹ́kún. Ọkùnrin tí kò sunkún nígbà tí Bàbá kú! Ó dì mọ́ mi. Mo sì ń rẹ́rìn-ín, mo ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Ọlọ́run ló mọ irú ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà.

Ó kó gbogbo ọkà bàbà tó kù ú kù sínú àgbá ńlá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó pe àwọn oníbàárà rẹ̀ kí wọ́n wá bá òun ṣí ilé bíà padà. Ọ̀sán Sátidé ni. Àwọn tíṣà wá, àwọn oníṣòwò wá, ọ̀gá tó ń tẹ ọ́gáànù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa náà wá. Màmá wọ lẹ́ẹ̀sì, wọ́n jókòó sí faránńdà, wọ́n ń gba ìkíni. Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá fúnra rẹ̀ ló ń bu bíà fún èèyàn kọ̀ọ̀kan.

Ẹ mọ̀ wá o. Èèyàn wa ò lè tutọ́ sílẹ̀ lójú ẹni tó fún un lọ́tí, pàápàá lọ́jọ́ tí onítọ̀hún ń ṣílé. Wọ́n tọ́ ọ wò, mo rí i tí ojú wọn yí padà. Ẹni kan ní, "Ó lágbára o!" Ẹni kejì ní, "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun." Kò sí ẹni tó ní ó dùn. Mo ń fetí sílẹ̀ fún un, kò sí.

Ni ọ̀kan nínú wọn bá dìde, ó ní ó yẹ kí àwọn rántí Bàbá wa tó ti lọ, ó sì ta bíà sílẹ̀. Ó dáa, àṣà wa ni. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀kán díẹ̀ ló ta sílẹ̀ o, ìdajì ife ni! Ẹlòmíì náà dìde, ó rántí Bàbá. Kí n tó mọ̀, gbogbo ilé ti ń rántí Bàbá! Ọ̀gá ọlọ́gáànù, ẹni tí kò jẹ́ ta omi sílẹ̀ fún òkú láyé rẹ̀, òun náà da tirẹ̀ sílẹ̀ pátá. Ilẹ̀ rin gbingbin. Ká ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni, ǹ bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi rìn wá bá mi, inú rẹ̀ dùn débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bọ́láńlé, wo bí wọ́n ṣe ń bu ọlá fún bàbá wa."

Ojú tì mí débi pé mo kàn ń palẹ̀ ife tó ṣófo mọ́.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó wá láti Ìlóbì, oníbàárà àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá ṣe fẹ́ tún bu fún wọn, wọ́n fọwọ́ bo ife wọn. Wọ́n rọra sọ̀rọ̀, kò sí ìjà nínú ohùn wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, má bínú. Ahọ́n mi ti gbẹ. Ìkorò yìí kì í lọ. Ṣé kò sẹ́ni tó bá ọ tọ́ ọ wò ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú, ó wò mí. Ó bu bíà sí ife kan, ó lọ bá ọ̀gá ọlọ́gáànù, ó ní kí wọ́n mu ún lójú òun, kí wọ́n má ta á sílẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́gáànù mú un dání, wọn ò mu ún. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó jókòó tì mí. Ó bi mí bóyá mo gbọ́ ìkorò yẹn lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo tọ́ ọ wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló dé? Mo ní mi ò fẹ́ kó lọ sí Àjàṣẹ́ ni.

Ó ní, "Ta ló ń lọ? Mo kàn ń sọ ọ́ lẹ́nu ni. Ṣé mo lè fi Màmá sílẹ̀ báyìí? Ká ní o ní kò tíì dáa, ǹ bá ti tún un sè. Ọkà bàbà ṣì wà nílẹ̀ nígbà yẹn."

Mo fẹ́ sọ fún un pé Màmá ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo rántí bí wọ́n ṣe di ọwọ́ mi mú, mo pa ẹnu mi mọ́. Títí di òní, kò mọ̀. Bóyá ibí yìí ló ti máa kà á.

Ó da gbogbo àgbá náà nù. Kò sí ọkà mọ́, àwọn oníbàárà ò sì padà wá, torí ta ló tún fẹ́ rántí Bàbá lẹ́ẹ̀kejì? Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, ẹ̀gbọ́n mi ti kó Màmá wá sọ́dọ̀ mi ní Ayétòrò, ó sì ti gba ọ̀nà Ìpókíá kọjá sí Àjàṣẹ́. Ohun tí mo torí rẹ̀ parọ́ kó má ṣẹlẹ̀, irọ́ yẹn gan-an ló fà á. Ó dùn mí o! Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ojoojúmọ́ ni Màmá ń bi mí bóyá wọ́n ti ṣí bọ́dà. Màá ní wọn ò tíì ṣí i. Wọ́n á ní, "Wọ́n máa ṣí i lọ́la." Wọ́n ń bá Kọ́lá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n fóònù kì í gbé èèyàn sí oòrùn. Èmi ti gbọ́dọ̀ wà níléèwé ní aago méje ààbọ̀. Inú yàrá ni wọ́n máa ń wà títí mo fi máa dé.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi lọ ni Màmá kú. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo pe Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, mo sì gbọ́ igbe rẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé e gba inú igbó wá. Òkú Màmá ló bá nílẹ̀, bí Màmá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ pé ojú àwọn ò ní rí i mọ́.

Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n ní Òkè-Ọ̀dàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti lọ, ó pè mí sí abẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé. Ó yọ ìgò bíà kan jáde láti inú àpò rẹ̀. Ó ní òun sè é ní Àjàṣẹ́, òun ò sì fẹ́ mú ọwọ́ òfo wá sílé. Họ́ọ̀psì ló fi ṣe é, ó wá da orógbó díẹ̀ sí i nígbà tí iná fẹ́ẹ́ kú. Òun fúnra rẹ̀ ló wá a rí, láìsí ẹni tó sọ fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó bu tèmi fún mi.

Mo mu ún. Òórùn èèpo ọsàn. Ó dùn, ìkorò sì dé, orógbó wà níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó kan ahọ́n mi, ó sì lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì mu irú rẹ̀ rí láyé mi! Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn. Kò sí ohun tó kù."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo fi parọ́ fún un. Mo wá òmíràn tí màá fi rọ́pò rẹ̀, mi ò rí. Mo ní, "Òótọ́ ni o! Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni."

Ó mi orí. Ó ní, "O ṣé, àbúrò mi." Ó rọra gba ife lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tó wá kó àwọn àga tí a yá, a ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀gbọ́n mi rìn lọ bá a, ó bu bíà fún un, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ wò." Ó wá dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹnu ọkùnrin náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá ní kí o bá òun tọ́ nǹkan wò, ojú lo fi ń ríran fún un. Má ṣe torí ìfẹ́ fọ́ ọ lójú. Bó bá lọ, jẹ́ kó lọ pẹ̀lú òótọ́ rẹ, torí ó lè padà wá bi ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Tèmi ò bi mí mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fọkàn tán yín rí, tí ẹ torí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún un? Ẹ kọ ọ́ síbí kí n kà á. Tí ẹ bá sì rò pé ohun tí mo ṣe ò dáa, ẹ sọ ọ́ fún mi gbangba. Ẹ má wulẹ̀ ṣojú mi.